Kí Ló Ń Mú 504 Hó Kó Tó Dé Takie?

Ẹni tó bá ń wa Peugeot 504 láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án gangan mọ ibi tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà: ọ̀kan lójú ọ̀nà, èkejì lára abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n òun ni tírélà tó ń ti Òkè-Ọya bọ̀ wá sí Èkó ń gbà. Bí ọkọ̀ kékeré bá ti há sẹ́yìn wọn, ó di kó máa rá kò. Tí abẹ́rẹ́ bá wá ń gòkè, gbólóhùn kan náà ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ ń sọ: "Omi ló tán." Wọ́n á dúró, wọ́n á ra píọ̀ wọ́tà, wọ́n á dà á sí i. Tó bá tún hó lẹ́bàá Odò Ọbà, wọ́n á tún ra òmíràn.

Nígbà mìíràn, omi ló tán lóòótọ́. Àmọ́ omi tó wà nínú rédíétọ̀ tí wọ́n dé pa kì í ṣàdédé tán. Ohun kan ló lé e jáde.

Iná tó ń jó nínú sìlíńdà ń gbóná kọjá 2,000 dígírì, bẹ́ẹ̀ ààlùmínì tí wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì 504 ń yọ́ ní 660. Bí a bá pín agbára inú bẹntiróòlù sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan péré ló ń yí táyà. Ìdá kan ń bá èéfín jáde, ìyókù sì di ooru tí omi gbọ́dọ̀ gbé kúrò kí irin tó bàjẹ́. Omi kì í pa ooru yẹn. Alárù lásán ni: ó gbé e lára irin, ó gbé e dé rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí atẹ́gùn ò bá sí níbẹ̀, alárù á gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé, á tún bá òmíràn níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìgbà wo ló ń gbóná? Ṣé nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré ni, àbí nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà?" Ọkọ̀ tó tutù dáadáa lójú ọ̀nà, tó wá ń gbóná nígbà tó wọ Takie láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀kadà àti èrò ọjà ò jẹ́ kó lọ, fáànù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó jẹ́ pé eré àti òkè ló ń mú un gbóná, tí ara rẹ̀ á wálẹ̀ tó bá rọra rìn, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti dí inú rédíétọ̀ rẹ̀.

Fáànù 504 ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í bá ẹ́ńjìnnì yí nígbà gbogbo. Tí omi bá ṣì tutù, ó kàn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kó má baà jẹ epo lásán. Tí omi bá gbóná, mágínẹ́ẹ̀tì oníná á dì í mú, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wáyà rẹ̀ bá já, tàbí kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná fún un bá jẹ tán, fáànù á ṣì máa yí díẹ̀díẹ̀ lójú yín, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan kan. Wàhálà wáyà yẹn ti sú ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n kàn ń de fáànù pa mọ́ púlì rẹ̀. Kò burú jù: owó epo tó máa jẹ kò tó owó orí ẹ́ńjìnnì tuntun.

Nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fojú dì jù ni ìdérí rédíétọ̀. Ẹ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wò ó. Sípíríǹgì kan wà níbẹ̀ tó le, tó ń ti rọ́bà roboto kan. Láàárín rọ́bà yẹn, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí èékánná lè fà; tẹ́ ẹ bá fà á, tẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀, ó yẹ kó padà sáyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sípíríǹgì ńlá yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Omi tí nǹkan kan ò tẹ̀ ń hó ní 100 dígírì. Nọ́ńbà tó wà lórí ìdérí ló ń sọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó: lábẹ́ èyí tí wọ́n kọ 1.0 sí, omi kò ní hó títí á fi tó nǹkan bí 120. Ogún dígírì yẹn ni gbogbo ààyè tí awakọ̀ ní lẹ́yìn tírélà.

Tí rọ́bà bá ti gbó, tàbí tí ẹnì kan fi àkísà dí ẹnu rédíétọ̀ torí pé ìdérí sọ nù, ààyè yẹn ti lọ. Omi á hó ní 100, á máa ru jáde, èrò á ní omi ló tán. Irin kékeré àárín yẹn náà níṣẹ́ tirẹ̀. Tí ọkọ̀ bá tutù lálẹ́, omi á sún kì, irin yìí ló ń ṣí kí omi tàbí atẹ́gùn lè wọlé padà. Tó bá ti lẹ̀ pa, ẹ ó bá họ́ọ̀sì òkè tó ti fún pọ̀ láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìdérí tuntun, ẹ rántí pé ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ilẹ̀ Faransé ti pa 504 tì ní 1983, Kàdúná ò pa á tì títí a fi wọ ọ̀rúndún yìí. Nítorí náà, ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ lójà, ayédèrú náà sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ra ìdérí torí pé ó wọ ẹnu rédíétọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà.

Ohun kan tún wà tí mi ò fara mọ́ rárá: yíyọ témósítáàtì sọ nù. "Ìlú wa gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe?" ni wọ́n ń wí. Ìda ló wà nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn. Tí omi bá tó nǹkan bí 80 dígírì, ìda á yọ́, á wú, á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i ń tutù jù láàárọ̀ ọyẹ́, epo ló ń mu. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń ti ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná lè gbà padà láìdé rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú á ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìjàpá Volkswagen ò mọ gbogbo èyí, torí atẹ́gùn lásán ló ń tù ú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Tí iná pupa bátìrì bá tàn nínú Ìjàpá, ẹ má rò pé ẹ lè rọra wà á délé. Ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já, ẹ́ńjìnnì á sì jóná láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 504 tó ń hó. Tí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè, ẹ ṣí gbogbo wíńdò, kẹ́ ẹ tan hítà dé òpin. Ooru á bò yín, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré ni hítà, ó ń gba ẹrù díẹ̀. Tí kò bá wálẹ̀, ẹ wá ibi tó jìnnà sí tírélà, kẹ́ ẹ pa á. Èyí tó léwu jù ni abẹ́rẹ́ tó gun òkè pátápátá, tó wá já wálẹ̀ lójijì. Awakọ̀ á ní Ọlọ́run ṣeun. Rárá o: omi ti lọ, ohun tó ń wọn ooru ti wà nínú òfìfo, kò rí nǹkan kan wọ̀n mọ́.

Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí fún bí ààbọ̀ wákàtí. Omi tó wà ní 115 dígírì lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ìdérí kúrò báyìí, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú yín ló máa fọ́n sí. Tí ara ẹ́ńjìnnì bá ti lọ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi aṣọ tó nípọn yí ìdérí náà díẹ̀, kí ooru jáde ná. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ máa rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tútù tó bá ààlùmínì gbígbóná lójijì lè sán an.

Kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Tí ọ́ìlì orí rẹ̀ bá ti funfun, tó ń ru fọ́ọ́mù, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ti jó, kí omi sì ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ má tan án rárá. Ẹ pe ẹni tó máa fà á dé Ògbómọ̀ṣọ́.