Picasso Ń Jẹ Ẹja
Fọ́tò láti ọwọ́ David Douglas Duncan, Cannes, 1957

Fọ́tò ojú ogun Kòríà ló sọ Duncan, ọmọ Amẹ́ríkà, di ẹni mímọ̀. Ní 1956 ló dé ilé ayàwòrán Pablo Picasso ní gúúsù ilẹ̀ Faransé; inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni bàbá ẹni ọdún 74 náà wà nígbà tí Duncan ya á ní fọ́tò àkọ́kọ́. Wọ́n di ọ̀rẹ́, ìwé àwọn fọ́tò náà sì jáde ní 1958.

Àwọn kan á ní ọ̀rẹ́ kì í tú àṣírí ọ̀rẹ́, àti pé Picasso pàápàá fẹ́ràn kámẹ́rà jù. Kò sí irọ́ níbẹ̀: ẹni tó ń dé oríṣiríṣi fìlà, tó tún ń fi ìbòjú ṣeré níwájú onífọ́tò, mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja sẹ́nu, ó ń fi eyín họ ọ́ títí egungun nìkan fi kù bí òòyà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó tẹ egungun yẹn mọ́ amọ̀ tútù, àpá rẹ̀ sì di ọ̀ṣọ́ ara àwo. Ká ní àwo yẹn nìkan la rí, ta ni ì bá mọ̀ pé orí tábìlì oúnjẹ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Onífọ́tò tí wọ́n fún ní wákàtí kan péré ì bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́ kí ẹja tó délẹ̀. Lóòótọ́, ìjà inú ilé ni ọ̀rẹ́ lè bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, kó má wá a lọ́wọ́ Duncan.