Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ohun Tí Ìyàrá Ìyẹ̀wò Ìfun Ń Retí Lọ́wọ́ Aláìsàn

Láyé àtijọ́, Ọlọ́run Ọba nìkan ni àwọn baba wa ń kì ní Arínú-róde, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ọmọ adáríhurun tó lè mọ ohun tí ń bẹ nínú ikùn ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ní LUTH l'Ékòó, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, àwọn dókítà ń fi ojú ara wọn rí inú ìfun ènìyàn láì fi ọ̀bẹ kàn án níkùn. Kolonóskópì ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe é a máa bẹ̀rù ohun tí dókítà yóò fi ojú òun rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí aláìsàn bá ṣe nílé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ń pinnu bóyá dókítà yóò rí nǹkan kan tàbí kò ní rí.

Okùn dúdú kan tó rọ̀ ni ohun èlò náà, ó gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Iná àti kámẹ́rà kékeré wà ní orí rẹ̀, ohun tó bá rí nínú ìfun ńlá ni dókítà sì ń wò lójú ẹ̀rọ bí tẹlifíṣàn. Ní 1969, ní ilé ìwòsàn Beth Israel ní New York, àwọn dókítà Hiromi Shinya àti William Wolff gba inú okùn yìí ti wáyà tín-ín-rín bọnú ìfun, wọ́n sì fi gé èso ẹran kékeré kan kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ pé kí ọjọ́ náà tó dé, àfi kí wọ́n la ikùn aláìsàn. Láti ìgbà náà ni àyẹ̀wò yìí ti di ìtọ́jú pẹ̀lú, nítorí inú irú èso ẹran bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àrùn jẹjẹrẹ ìfun ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó di ibi. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò; bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa tètè dé ìyàrá yìí ni pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ti bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí là ń pè é. Bàbá yóò rí ẹ̀jẹ̀ nínú ṣáláńgá, yóò dákẹ́, yóò gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ lówùúrọ̀, yóò gbé ife àgbo jẹ̀dí mì, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ọdún yóò fi yípo, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Ọ̀mọ̀wé Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, ti sọ láyé ọjọ́un pé jẹjẹrẹ ìfun ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà nítorí oúnjẹ wọn tó kún fún èèpo àti okùn ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yí, oúnjẹ wa ti yí, àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún pàápàá sì ń ní àrùn náà. Èyí wà lára ohun tí ẹgbẹ́ ARGO ń wádìí, ẹgbẹ́ tí àwọn dókítà Ifẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York dá sílẹ̀ ní 2013.

Òkèèrè ni olójú-jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Bí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, aláìsàn yóò dá oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú dúró, nítorí a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, kò sì gbọdọ̀ dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yóò dágbére fún ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti èso tó ní kóró, yóò máa jẹ ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin àti ẹja. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ohun olómi tó mọ́ gaara nìkan ló kù: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí a sẹ́ dáadáa. Kò gbọdọ̀ mu zobo, nítorí pupa rẹ̀ nínú ìfun a máa jọ ẹ̀jẹ̀ lójú dókítà.

Lẹ́yìn náà ni oògùn tí ń fọ ìfun yóò kàn. Ẹ̀tù ni, omi la ó fi pò ó. Òmíràn jẹ́ lítà méjì, òmíràn jẹ́ mẹ́rin, wọ́n sì sábà máa ń pín in sí méjì, kí a mu apá kan lálẹ́, kí a sì mu èyí tó kù ní ìdájí ọjọ́ àyẹ̀wò, ife kan ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Adùn rẹ̀ kò tó ohun à ń yangàn. Bí ó bá tutù nínú fìríìjì, ó sàn díẹ̀. Ẹni tó gbọ́n a ti pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣáájú, nítorí ẹ̀rọ omi lè ṣẹ́ lóru, a sì fi fasilíìnì pa ìdí kí ìyàgbẹ́ léraléra má baà bó o. Nígbà tí ohun tí ń jáde bá ti mọ́, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìtọ̀, tí a sì lè rí ìdí pọ́ò nínú rẹ̀, iṣẹ́ ilé parí. Bí ó bá ṣì dúdú, tó sì ki, kí ó pe àwọn nọ́ọ̀sì kí ó tó jáde nílé, nítorí èso ẹran kékeré a máa sá pamọ́ sábẹ́ ìdọ̀tí, dókítà a dá iṣẹ́ dúró, aláìsàn tó fi owó àpò ara rẹ̀ san á sì tún san án lẹ́ẹ̀kejì.

Nínú ìyàrá, wọn yóò wọ aṣọ ilé ìwòsàn fún un, yóò fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, yóò ká orúnkún sókè, nọ́ọ̀sì yóò sì fún un ní abẹ́rẹ́ amúni-tòògbé. Dókítà a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìfun kí ó lè là, ibẹ̀ ni ikùn ti ń wú tí ìsó sì ń gbọ̀n ọ́n, tí àgbà ọkùnrin mìíràn á máa fi ìtìjú há a mọ́ra. "Bàbá, ẹ má há a mọ́ra o," ni nọ́ọ̀sì yóò wí, "afẹ́fẹ́ tiwa ni, ẹ jẹ́ kó jáde." Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀, ìgbà tí dókítà bá sì ń fa okùn náà bọ̀ ló ń wò ó fínnífínní jù, bí ó bá gé ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò, aláìsàn kì í mọ̀ ọ́n lára, nítorí awọ inú ìfun kì í gbọ́ oró gígé.

Kí ẹnìkan bá a lọ kí ó sì bá a bọ̀, nítorí oògùn oorun kò jẹ́ kí ó lè wa ọkọ̀ tàbí fọwọ́ sí ìwé pàtàkì títí ọjọ́ kejì. Ewu kí ìfun lu wà, ṣùgbọ́n kì í tó ẹnìkan nínú 1,000. Síbẹ̀, ẹni tí inú bá ń run gidigidi, tí ibà mú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kí ó padà sí ilé ìwòsàn kíá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń fi ohun èlò àyẹ̀wò ìgbẹ́ ránṣẹ́ sílé ẹni tó wà láàárín 50 sí 74 ọdún, kí wọ́n lè tètè rí jẹjẹrẹ ìfun. Ní Amẹ́ríkà, láti 2021, ọdún 45 ni wọ́n ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín, ẹnu ẹbí ni ìkìlọ̀ ti ń wá. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ ìfun yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò láti 40 ọdún, tàbí nígbà tí ó bá ku ọdún mẹ́wàá kí ó pé ọjọ́ orí tí wọ́n ti rí àrùn náà lára ìbátan rẹ̀, èyí tó bá ṣáájú. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ̀ bí bàbá bá pe tirẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí títí dé sàréè? Bí dókítà bá ti dárúkọ àrùn fún òbí, kí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kí ó sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́, nítorí àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe.