Kí ẹ tó kó lọ sí Kútọnu

Bí ìkórè bá ti parí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló máa ń di ẹrù lọ sí Kútọnu láti wáṣẹ́. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá ilé níbẹ̀, owó nìkan ni wọ́n ń béèrè: èló lóṣù, oṣù mélòó ni wọ́n máa san sílẹ̀? Wọn kì í béèrè omi. Bẹ́ẹ̀, omi ló ń pa ọmọ.

Àárín omi méjì ni Kútọnu wà: òkun ní ìsàlẹ̀, adágún Nokoué ní òkè. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn, ó sì rẹlẹ̀. Àwa ará Kétu mọ ìyà omi. Kànga wa jìn, ẹni tó bá ní kànga tó dáa, ọlọ́lá ni. Ní Kútọnu, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Ó jọ oore, àbí? Kì í ṣe oore. Omi tó súnmọ́ òkè bẹ́ẹ̀, ó súnmọ́ ṣáláńgá náà. Nínú ọgbà tí ayálégbé pọ̀ sí, kànga wà níhìn-ín, ṣáláńgá wà lọ́hùn-ún, yanrìn lásán ló wà láàrin wọn. Omi náà lè mọ́ gaara, kó má rùn rárá, kí àrùn onígbáméjì tàbí ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti mu omi kànga bàbá rẹ̀ láti kékeré kì í fura.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí omi mímu ti ń wá. Bí ẹ̀rọ omi SONEB bá wà nínú ọgbà, ó dáa. Bí kò bá sí, ta ni àdúgbò ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ibẹ̀ ò jìnnà? Kànga, ẹ fi fọ aṣọ. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ se omi rẹ̀ títí yóò fi hó yaya, kó tutù sínú ohun tó ní ìdérí, kí ẹ máa fi igbá onímùú bù ú. Kí ọmọdé má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ń wo ilé, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Ilé náà á wù yín. Ẹ wo ara ògiri dáadáa: ṣé ìlà omi wà níbẹ̀? Ṣé àwọn ará ilé ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè? Ṣé pàǹtí ni wọ́n fi kún ilẹ̀ ọgbà? Ẹ má bi onílé, ẹ bi ìyá tó ń ta àkàsà lójú ọ̀nà ibẹ̀, òun ló máa sọ òótọ́. Òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí ìkeje, ó sì tún ń padà wá lóṣù kẹsàn-án. Àwọn àdúgbò etí adágún, bíi Ladji àti Vossa, tún ní tiwọn lọ́tọ̀: odò Wẹ̀mẹ̀ tó ń gba ìtòsí wa kọjá ń kó òjò àríwá lọ síbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi sì lè wọlé láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2010. Bí omi bá wọlé, ohun tó wà nínú ṣáláńgá á jáde pẹ̀lú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ń ṣeré.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ má dúró. Ẹ fún un ní omi SRO. Bí pàkéètì rẹ̀ kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ga, sínú lítà omi mímọ́ 1. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún, kó sì máa mu ọmú lọ. Ilé ìwòsàn á fún un ní zinc, ọjọ́ 10 sí 14 ni yóò fi lò ó, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dá. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ìgbẹ́ dà bí omi ìrẹsì, ẹ gbé e sórí zémidjan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀fọn pọ̀, ẹ gbé àwọ̀n olóògùn dání. Fáànù kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gba yàrá tí wọ́n ń kó kpayo sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná rẹ̀ kì í kìlọ̀. Ní ti òkun, ẹni tó mọ̀ wẹ̀ nínú odò Ọ̀kpàrá kò tíì mọ òkun wẹ̀. Ìgbì Kútọnu ń fa èèyàn lọ sí àárín. Ẹ dúró létí rẹ̀.

Ó ku ìwé. Ìwé àjẹsára àwọn ọmọ, ìwé aláboyún, ẹ kó wọn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tó wà lórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ olóṣù 6, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ kó tó kúrò, kí àwọn ti Kútọnu lè máa bá a lọ níbi tó dé. Inú báàgì ọwọ́ ni kí lẹ́tà náà wà o, kì í ṣe nínú ẹrù orí bọ́ọ̀sì.