Ẹ Má Ṣe Ya Ẹ́ńjìnnì Ogun Kúrò Lára Irin Ìgbékọ́ Rẹ̀

Láàárín àwọn tó ń ṣa ohun èlò ogun àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wá kiri: irú èyí tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, tí pùròpẹ́là rẹ̀ ń yí lábẹ́ omi. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà. Ní 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ Norway tó fi Milwaukee ṣe ibùgbé, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀; kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti gbé sójà kọjá ọ̀pọ̀ odò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan lónìí á béèrè ilé iṣẹ́ tó ṣe é, á béèrè agbára ẹṣin rẹ̀, á tún béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Irin ìgbékọ́ rẹ̀, ìyẹn irin tó fi gbá ọkọ̀ mú, ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí pọ̀ sí jù.

Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì tí ológun lò lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Ilé iṣẹ́ British Seagull ní Poole ṣe ẹ́ńjìnnì fún ológun nígbà ogun, ó sì ń bá a lọ láti tà á fún àwọn ará ìlú nígbà tí ogun parí. Ibi tí wọ́n ń gbé e kọ́ ló yàtọ̀. Ọkọ̀ ará ìlú sábà máa ń ní pákó pẹrẹsẹ nídìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí kò ní in, nítorí náà wọ́n á tẹ páìpù irin, wọ́n á de pákó kékeré mọ́ ọn, wọ́n á wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣónṣó níwájú àti lẹ́yìn ní tirẹ̀ ń fẹ́ apá irin tó yọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá rí irin náà ti lè sọ irú ọkọ̀ tó gbé e.

Irin yìí kì í sì í ṣe àfikún lásán. Pùròpẹ́là ń ti ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń ti irin, irin ló wá ń ti ọkọ̀. Gbogbo agbára ibẹ̀ ló gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ wo Evinrude alágbára ẹṣin 50 tí wọ́n lò fún ọkọ̀ ìkọlù onípákó nígbà ogun. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń bá ọkọ̀ náà sá títí á fi gun bèbè. Bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá kan ilẹ̀ tí kò lè gbéra sókè lórí irin rẹ̀, ó lè kán, tàbí kó fa ìdí ọkọ̀ ya. Irú ọkọ̀ yìí ni àwọn ọmọ ogun Kánádà fi kó àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kúrò létí odò Rhine nítòsí Arnhem lóru September 25 mọ́jú 26, 1944, nínú òjò tó ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu iṣẹ́. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń gbówó lórí ọjà, ẹnu sì lè sọ ohunkóhun nígbà tí owó bá wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe irin mìíràn, kó tiẹ̀ lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì náà najú lórí omi ni, kó ṣe é, kó sì sọ fún ẹni tó bá máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àtakò tó le jù ni pé irin náà lè purọ́: èèyàn lè yọ ọ́ lára ẹ́ńjìnnì kan kó dè é mọ́ òmíràn. Òótọ́ ni, mi ò sì sọ pé irin nìkan tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ẹni tó tún un kùn kò dé. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí ológun kùn lè ṣì wà níbẹ̀, ojú síkùrù á ti tẹ pákó mọ́lẹ̀ roboto, ibi tí irin sì ti ń ha ara ẹ́ńjìnnì á bára mu lọ́tùn-ún lósì. Ó ṣòro fún oníjìbìtì láti ṣe gbogbo ìyẹn pọ̀. Ní ti àwọn tó ń sọ pé ìyìn ogun ni irú ìkójọ yìí, bí nǹkan ṣe ṣiṣẹ́ ni ohun èlò tó pé ń sọ. Àjákù tí wọ́n kùn dán ló ń dá ìtàn akọni sílẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ tó ń bá irin yìí, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì náà gan-an ló ti ń wá. Omi iyọ̀ máa ń mú kí bóòtù irin gan mọ́ inú àlùmíníọ̀mù, oníwàdùwàdù á mú òòlù, irin ìgbékọ́ á sì sán. Òmíràn á yọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, á wá tà á lọ́tọ̀ nítorí pé owó méjì ju owó kan lọ. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lápá gbogbo kí ẹ tó fi sípánà kàn án, ẹ da òróró sí bóòtù rẹ̀ kí ẹ ní sùúrù, ẹ má sì tà á láìfi irin rẹ̀ kún un.