Láti Ìbàdàn sí Àbújá: Bí Bàálù Ṣe Ń Ka Kìlómítà àti Ìṣẹ́jú

Láti pápákọ̀ òfurufú Alákíà ní Ìbàdàn dé pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, nǹkan bíi kìlómítà 405 ni lójú sánmà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò yóò rìn ju 500 lọ, nítorí pé títì ní láti gba Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Òkéné, kó tó sọdá odò Ọya lórí afárá tó wà lápá Lọ́kọ́ja.

Báwo la ṣe mọ 405 yìí? Ibi tí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Àbújá fi nǹkan bíi kìlómítà 180 sún sí àríwá ju Ìbàdàn lọ, ó sì fi nǹkan bíi 360 sún sí ìlà-oòrùn. Ìlà tààrà tó so méjèèjì pọ̀ ló jẹ́ 405. Àwọn awakọ̀ òfurufú kì í lo kìlómítà fún un. Máìlì òkun ni tiwọn, tí ọ̀kan jẹ́ mítà 1,852. Lọ́dọ̀ wọn, ìrìn náà tó máìlì òkun 219.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló wá kù. Bàálù ATR 72, tí abẹ̀bẹ̀ ń yí lára ìyẹ́ rẹ̀, ń sá tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Jẹ́ẹ̀tì bíi Boeing 737 ń sá ju 800 lọ. Bí a bá kàn pín in bẹ́ẹ̀, ATR yóò lo ìṣẹ́jú 49, jẹ́ẹ̀tì yóò sì lo bí 30. Àmọ́ kò sí bàálù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ní kíkún láti ilẹ̀. Ó ní láti gòkè, ó ní láti rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì ní láti dojú kọ ibi tó fẹ́ bà sí. Nínú ìrìn kúkúrú, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò, ìyẹn ni jẹ́ẹ̀tì kò fi lè fi ATR sílẹ̀ tó bí eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì tún gùn díẹ̀ sí i. Ìgbà tí bàálù bá ṣí kúrò níbi tó dúró sí ni wọ́n ti ń kà á, títí tí yóò fi dúró pátápátá níbi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ nǹkan bíi wákàtí kan.

Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Ó lè dá bàálù tó ń lọ sí Àbújá dúró díẹ̀, kó sì ti èyí tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Ìṣẹ́jú péréte nìyẹn. Eruku ọyẹ́ ló ń dáni dúró jù: bí awakọ̀ kò bá lè rí ilẹ̀ dáadáa, bàálù kò ní gbéra.

Ẹ tún kíyè sí aago. Ìbàdàn àti Àbújá ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Èkó sí Accra, tí òun náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 400, kò rí bẹ́ẹ̀. Aago Ghana fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ẹni tó gbéra ní aago mẹ́wàá, tó sì lo wákàtí kan lójú ọ̀run, aago mẹ́wàá ni yóò bá ní Accra.

Nítorí náà, ẹ má fi wákàtí kan orí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Pápákọ̀ Àbújá jìnnà tó kìlómítà 40 sí àárín ìlú, wọ́n sì máa ń ti káńtà tí èrò ti ń forúkọ sílẹ̀ kí bàálù tó gbéra. Láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ ṣírò rẹ̀.