Ọmọ Tí Kò Lè Dìde Nílẹ̀ Dáadáa Mọ́

Nínú ilé tí ọmọ bá pọ̀ sí, ọmọ tí kò bá yára dìde ni a máa ń pè ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó bínú sí i, ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń dìde. Bí ó bá ń fi ọwọ́ ti itan kí ó tó lè nàró, tí àtẹ̀gùn tó ń gùn tẹ́lẹ̀ wá di ìṣòro, tí kò lè gbé apá sókè wọ ẹ̀wù, àìsàn ló ṣeé ṣe kí ó jẹ́.

Ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń pè ní dermatomyositis. Agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ló ṣìnà, tó wá ń gbógun ti iṣan àti awọ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Kò wọ́pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Awọ ara ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ìpéǹpéjú á wú, á ní àwọ̀ elésè àlùkò. Oríkèé ìka, ìgúnpá àti orúnkún á sú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó lè kàn dúdú sí i ni. Ẹlòmíràn á pè é ní làpálàpá, á sì máa fi ìpara pa á.

Ní ilé ìwòsàn, wọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá iṣan ń bàjẹ́. Prednisolone àti methotrexate ni oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún àìsàn yìí. Lílò ó lójoojúmọ́ lè pa ènìyàn. Prednisolone a máa mú kí ojú ọmọ wú rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀rù á sì ba alágbàtọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn dá a dúró lójijì, ewu ńlá ni. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí ọmọ máa dé fìlà tàbí ìbòrí, kí ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, nítorí oòrùn ń dá kún un.

Ìtọ́jú yìí lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bùkátà irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣètò owó oògùn ọdún, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìtọ́jú bá pẹ́, nǹkan líle bí òkúta lè hù sábẹ́ awọ, oríkèé á sì gan.

Bí omi tàbí oúnjẹ bá ń pá a lórí, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tí mímí nira fún un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.