Bí A Ti Ń Tún Férémù Gíláàsì Iwájú Jeep Àtijọ́ Ṣe

Jeep Willys MB, tí a ṣe fún àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà láti ọdún 1941 títí dé 1945, ní férémù onírin méjì níwájú awakọ̀. Ti òde ṣeé dà dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti inú, tí ó gbé gíláàsì dání, ṣeé tì síta láti ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ìsàlẹ̀ wọn ni omi ń sùn sí, níbẹ̀ ni ìpẹtà sì ti ń jẹ irin. Ẹni tí ó kun ọ̀dà lé ìpẹtà dà bí àgbẹ̀ tí ó fi ewé bo èso kòkó tí ó ti rà. Àrùn náà kò lọ.

Èkíní: Ẹ fi epo rin àwọn bóòtù rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tú wọn. Ẹ yọ gíláàsì àti rọ́bà.

Èkejì: Ẹ ha ìpẹtà títí irin yóò fi mọ́. Ibi tí ó bá ti lu, kí ajórin gé e kúrò, kí ó sì jó irin titun sí i.

Ẹ̀kẹta: Ẹ fi okùn wọn férémù láti igun dé igun, ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ. Gíláàsì tí a fi ipá kì bọ̀ ọ́ lè sán lójú ọ̀nà, ojú awakọ̀ a sì wà nínú ewu.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ kun ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi rọ́bà titun sí i, àti gíláàsì alápapọ̀ tí kì í fọ́n ká bí ó bá fọ́.

Gíláàsì ni ó gbọdọ̀ kẹ́yìn. Ẹ má ṣe kánjú.